Ayálégbé tó wà nínú kíndìnrín mi

Ẹ jókòó, ẹ bu omi mu, tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn 🧵

Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ ti ń bi mí nínú DM: "Àǹtí, ṣé ara àbúrò yín ti yá tán?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn le láti dáhùn, torí "bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe òótọ́, "rárá" náà kì í ṣe òótọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n lè máa fi línkì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún bi mí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: mo fún àbúrò mi ọkùnrin ní kíndìnrín mi kan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Tiẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá ti san owó ẹ̀rọ yẹn rí ò nílò àlàyé lọ́wọ́ mi.

Nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: wọn kì í sábà yọ méjì tó bàjẹ́. Wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n á wá gbé tuntun sí ìsàlẹ̀ ikùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kíndìnrín mẹ́ta ni àbúrò mi ní báyìí. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni tálákà ilé wa, ẹyọ kan ló kù mí kù.

Iṣẹ́ abẹ yẹn gan-an, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ẹ̀. Mo sùn, mo jí, ó dùn mí, wọ́n ní kí n dìde rìn lọ́jọ́ kejì, mo rìn. Èrò gbogbo èèyàn ni pé ibẹ̀ ni fíìmù ti parí: wọ́n ti aláìsàn jáde, ìyá ń sunkún ayọ̀, orin ń dún lábẹ́lẹ̀. Rárá o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ara ná.

Ara wa ní ọmọ ogun tiẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dá gbogbo ohun tó bá wọlé dúró: "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ẹ́?" Tí wọn ò bá ti dá a mọ̀, ìjà dé nìyẹn. Wọn ò mọ̀ bóyá ọ̀tá ni tàbí ẹ̀bùn. Lójú wọn, àlejò ni kíndìnrín mi. Pé ìyá kan náà ló bí wa ò tó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara ìbejì ni èyí àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere ti ṣẹlẹ̀. Ní December 1954, ní Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gba kíndìnrín lára Ronald Herrick, wọ́n sì fi í sára Richard, ìkejì ẹ̀. Ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n, nítorí náà ọmọ ogun ara Richard wò ó, wọn ò rí àlejò kankan. Richard tún lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Murray gba ẹ̀bùn Nobel ní 1990.

Ẹ̀yin ará Ìgbó-Ọrà, ẹ má tíì yọ̀ o 😂. Ọ̀pọ̀ ìbejì tiwa nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe irú èyí tó jọra délẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé tiwa sábà máa ń dà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó kàn jọ wọ mọ́tò kan náà wá sáyé.

Àwa yòókù, oògùn ni. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ kíndìnrín ní Nàìjíríà, St. Nicholas l'Ékòó ló kọ́kọ́ ṣe é (tiwa kọ́ nibẹ̀ o, mi ò sì ní dárúkọ tiwa). Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é láyé yìí tí wọn ò ní fún ẹ ní oògùn tó máa rọ ọmọ ogun ara ẹ lọ́wọ́. Mẹ́ta ni ti àbúrò mi: tacrolimus, mycophenolate, prednisolone. Tacrolimus, aago mẹ́jọ àárọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́. Kò sí pé mo wà lójú ọ̀nà, kò sí pé mo ti sùn. Níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ ni yóò máa mu ún.

(Ẹ gbọ́, inú iyẹ̀pẹ̀ ni tacrolimus ti wá. Ọdún 1984 ni wọ́n rí i, lára kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ní Tsukuba ní Japan. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn náà sì wà lára ohun tí wọ́n ní kí àbúrò mi má fọwọ́ lásán kó mọ́, torí ohun tó pọ̀ nínú ẹ̀. Ayé yìí ṣá.)

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ńṣe ni àwọn oògùn yìí ń mọ̀ọ́mọ̀ la ògiri lẹ́nu, torí kò sí ọ̀nà mìíràn tí kíndìnrín ẹlòmíì fi lè wọlé jókòó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé aláǹgbá ò ní bèèrè ẹni tí wọ́n la ògiri sílẹ̀ fún.

Mo máa ń pe àwọn àìsàn tó ń gba ibẹ̀ wọlé ní àìsàn a-ráyè-wọlé. Ohun tó kó jìnnìjìnnì bá mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa wọn ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe àjèjì. Ara èmi àti ìwọ tó ń kà á yìí ni wọ́n wà.

Àpẹẹrẹ kan ni kòkòrò tí wọ́n ń pè ní CMV. Ọ̀pọ̀ jaburata àgbàlagbà ní Nàìjíríà ló ti ní in lára. Láti kékeré ni, nínú itọ́, nínú omi ọmú, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gba súìtì lẹ́nu ara wọn. Ó lè dà bí ibà kékeré kan, ó sì lè má ṣe ẹ́ ní nǹkan kan rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní lọ. Yóò wá igun kan sùn sí nínú ara ẹ títí lọ, ọmọ ogun ara ẹ yóò sì máa ṣọ́ ọ. O lè di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún kó o má mọ̀ pé o ní in.

BK náà wà bẹ́ẹ̀. Inú kíndìnrín gan-an ló fẹ́ràn láti máa sùn sí. Tí ọmọ ogun bá ti rọ, yóò jí, yóò máa jẹ kíndìnrín náà díẹ̀díẹ̀. Kò ní sí ibà, kò ní sí ìrora, kìkì pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á máa burú sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá a kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é.

Aràn kan tún wà tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, tí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ lásán rìn nílẹ̀ tó dọ̀tí. Ó lè wà nínú èèyàn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, láìsọ̀rọ̀. Ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ prednisolone báyìí, aràn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i ní ìlọ́po ìlọ́po, á kúrò nínú ìfun, á gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń pa èèyàn. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi fún àbúrò mi ní ivermectin kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo rántí gbogbo bọ́ọ̀lù tó fi ẹsẹ̀ lásán gbá lẹ́yìn ilé ìyá àgbà wa, mo kàn ń mi orí.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n wá sọ tiwa.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa méjèèjì wò fún CMV. Tèmi fi hàn pé mo ti pàdé ẹ̀ rí. Tiẹ̀ fi hàn pé kò tíì pàdé ẹ̀. Dókítà wo ìwé yẹn títí, wọ́n wá ṣàlàyé pé irú tiwa yìí ló léwu jù: kíndìnrín tó gbé kòkòrò náà dání máa wọ inú ara tí kò mọ̀ ọ́n rí, ní àsìkò tí wọ́n ti rọ ọmọ ogun ara náà lọ́wọ́.

Ṣé ká wá ẹlòmíì ni? Ta ni? Màámi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bàbá wa ò sí mọ́. Èmi ni mo kù.

Oògùn wà tó ń dè é mọ́lẹ̀, valganciclovir lorúkọ ẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló yẹ kó fi mu ún. Owó oṣù mẹ́ta la rí. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò ní fi òdòdó sí i lára.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó ní ó kàn rẹ òun ni. Kò jẹ iyán, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Mo fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara wò ó: 38. Ẹ wò ó, 38 tiẹ̀ kì í ṣe 38 tèmi. Prednisolone máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Ní ara ẹni tó ń lò ó, ibà díẹ̀ lè jẹ́ ojú ihò tí ejò ńlá ti yọ orí.

Màámi ní, "Ibà ni, ṣebí òjò ń rọ̀. Ẹ lọ bá a ra oògùn ibà." Bọ̀dá oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ti dé pẹ̀lú láílọ́ọ̀nù ẹ̀, ó ti da oògùn oríṣiríṣi pọ̀: pupa, funfun, ọsàn. Èèyàn dáadáa ni, kò gba kọ́bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé láílọ́ọ̀nù náà sórí fíríìjì, mo pe nọ́ọ̀sì wa. Wọ́n ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: "Ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí. Ẹ má jẹ́ kó gbé nǹkan kan mì."

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí oníkẹ́míìsì fi léwu fún un: tacrolimus ò fẹ́ràn ẹgbẹ́. Erythromycin lè gbé e sókè nínú ẹ̀jẹ̀ débi tí yóò fi di májèlé fún kíndìnrín náà. Fluconazole náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń ṣe òdìkejì, yóò lé tacrolimus kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ogun á jí, wọ́n á dojú kọ kíndìnrín. Ká má tiẹ̀ tíì débi àgbo. Mi ò bú àgbo o, Màámi fi tọ́ wa dàgbà ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ohun tí àgbo inú ìgò ragolis máa ṣe fún tacrolimus, tí kíndìnrín yìí bá sì lọ, mi ò ní òmíràn tí mo lè fi sílẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀ ká tó dé ọsibítù. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n ya àwòrán àyà. Kò sí ibà ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an ju bí oògùn nìkan ṣe máa ń mú wọn lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Wọ́n ní CMV ni àwọn fura sí. Ó ti jí, ó sì ti wọ ìfun. Àyẹ̀wò tó máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọ́n ní láti gbé e lọ sí láàbù ibòmíì, wọn ò sì dúró de èsì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ganciclovir sí i lára nínú dírípù, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n dá mycophenolate dúró.

Nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn máa dá a dúró, ìyẹn gan-an ló dá mi lójú kọ́. Ṣebí oògùn yẹn ló ń dáàbò bo kíndìnrín? Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní àfi kí àwọn dá díẹ̀ nínú ọmọ ogun ẹ̀ padà fún un, kó lè rí ẹni bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun yẹn kò ní mọ̀ pé CMV nìkan ni wọ́n pe òun fún. Tó bá jí tán, ó lè yíjú sí kíndìnrín. Oògùn pọ̀ jù, kòkòrò á pa á. Oògùn kéré jù, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ á jẹ kíndìnrín. Àárín méjèèjì yìí ni èèyàn tó pààrọ̀ kíndìnrín ń gbé, lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i níta tó wọ agbádá tó ń rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ náà ló wà.

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni mò ń bèèrè creatinine bí àwọn kan ṣe ń bèèrè èsì bọ́ọ̀lù Arsenal. 1.2 ni kó tó ṣàìsàn. Ó di 1.6. Ó di 1.9. Ní ọjọ́ tó di 2.3, mo lọ jókòó sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ mọ́ sí, mi ò pe ẹnikẹ́ni.

Oògùn dírípù yẹn wọ́n ju rẹ́ǹtì wa lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́ nígbà tí mo kọ ọ́ síbí, ohun tí ẹ rà nìyẹn. Ẹnìkan fi ọọ́dúnrún náírà ránṣẹ́, ó ní kí n má bínú, ohun tó kù sí àkáǹtì òun nìyẹn. Mi ò gbàgbé.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò lè bi ẹnikẹ́ni nílé. Mo dúró títí dókítà fi ń jáde nínú wọ́ọ̀dù, mo tẹ̀ lé wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé láti ara mi ló ti wá?" Wọ́n dúró. Wọn ò parọ́ fún mi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Wọ́n ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé kíndìnrín lé e lọ́wọ́ náà nìyẹn. Ẹ ò lè já ọ̀kan kúrò lára èkejì."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ó ṣe rí. Kì í ṣe ẹ̀bi, torí kò sí ohun tí mo ṣe. Ó kàn dà bí ìgbà tó o fún èèyàn ní ẹ̀wù tó o fẹ́ràn jù, tó o wá gbọ́ pé àkekèé wà nínú àpò ẹ̀. Mo wọlé, ojú mi ti pọ́n. Àbúrò mi wò mí. Ó ti mọ̀. Ó ti ka gbogbo ẹ̀ lórí fóònù kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ó ní, "Sìstá mi, ẹ fún mi nílé, ẹ ò sọ fún mi pé ayálégbé wà nínú ẹ̀."

Mo ní, "Ilé ọ̀fẹ́ lo tún ń ṣàyẹ̀wò ni?"

Ó ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fún un ní kúìtì nótíìsì."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, títí tí nọ́ọ̀sì fi ní ká dákẹ́ ariwo, pé àwọn aláìsàn ń sùn. Aláìsàn ta tún ni àwa? 😭

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa kúìtì nótíìsì yẹn: kò ṣeé fún un. Ganciclovir ò lè lé CMV jáde, ńṣe ló tún dè é mọ́lẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí dírípù, ó tún mu èyí tí wọ́n ń gbé mì fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbẹ́ náà dáwọ́ dúró. Creatinine sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúró sí 1.4. Kò padà sí 1.2. Ó jọ pé kò ní padà mọ́. Wọ́n dá mycophenolate padà, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ṣé ara ẹ̀ ti yá tán? Ó ń rìn, ó ń jẹun, ó ń bá mi jà lórí rìmóòtù. Ó ń mu Septrin, bẹ́ẹ̀ ni, Septrin tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, torí òtútù àyà kan wà tí kì í sábà mú ẹni tí ọmọ ogun ara ẹ̀ bá pé, ohun tó sì ń dènà ẹ̀ nìyẹn. Kì í jẹ wàrà tí wọn ò bá sè dáadáa. Ẹyin gbọ́dọ̀ jinná délẹ̀. Kì í ra sàláàdì níta. Kò lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, torí kòkòrò inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, nítorí náà tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bèèrè káàdì yẹ́lò, lẹ́tà dókítà ló máa gbé dání.

Èyí tó ń dùn ún jù ni àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Nínú mọ́tò tó bá kún, ó máa ń wọ ìbòmú, wọ́n á ní ó ń ṣe fọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan bímọ, kò lè lọ sí ìkómọ torí àwọn ọmọdé inú ilé yẹn ń wú ikọ́, wọ́n ní kíndìnrín tuntun ti wọ̀ ọ́ lórí. Ẹni tó bá ń lọ sórí ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, gbogbo èèyàn á rí i pé aláìsàn ni: ó rù, ojú wú, awọ dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara ẹ̀ ń dán, tí prednisolone ti mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ yọ bọ̀tọ̀, ta ló máa gbà gbọ́ pé ikọ́ ọmọ ọdún méjì lè dá a dùbúlẹ̀? Mo ti rí i tó ń bọ ẹnìkan lọ́wọ́, tó wá rọra bọ́ sẹ́yìn mọ́tò lọ pa sanitáísà sọ́wọ́ kí ẹni náà má bàa rí i. Ìyẹn dùn mí ju ojú abẹ mi lọ.

Tẹ́ ẹ bá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lágbègbè yín, tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lórí fóònù. Ìkíni náà ni.

Ohun tí à ń fà lọ́wọ́ báyìí ni NYSC. Ó ti parí yunifásítì, ó ń retí lẹ́tà ìpè. Káàǹpù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èèyàn bí ogún sí ọgbọ̀n nínú yàrá kan, omi tá ò mọ ibi tó ti wá, oúnjẹ tí wọ́n ti sè láti òwúrọ̀. Dókítà ti kọ lẹ́tà pé kò gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Àbúrò mi ní òun ò bínú sí ìyẹn, khaki lòún fẹ́ wọ̀, kóun ya fọ́tò. Màámi ti bá a ra bẹ́líìtì funfun. Èmi ti ra láílọ́ọ̀nù kékeré tó ń tì pa, èyí tí yóò máa kó tacrolimus sí lápò khaki náà, nítorí aago mẹ́jọ àárọ̀ lè bá wọn lórí ìlà.